Mitrice Richardson: Wọ́n Tú U Sílẹ̀, Wọn Ò Sìn Ín Sọ́nà

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Ní Monte Nido, àdúgbò kékeré kan tó fara pamọ́ sáàárín àwọn òkè Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California, bàbá kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọmọbìnrin kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé kò sí, òun kàn ń sinmi ni. Bàbá náà gbé fóònù, ó pe ọlọ́pàá. Kí ọlọ́pàá tó dé, ọmọbìnrin náà ti lọ.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò tún sí ẹni tó jáde wá tó fi ẹ̀rí hàn pé òun rí i láàyè. Àgọ́ ọlọ́pàá tí bàbá yìí sì pè, àgọ́ Lost Hills, ibẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà ti jáde ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú.

Mitrice Richardson lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ní gúúsù Los Angeles. Ó ti jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California tó wà ní Fullerton ní 2008, ó sì ní iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ló kà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà dá lórí ọkàn tí kò balẹ̀, àwọn tó sì yẹ kó ka àmì rẹ̀ kò kà á. Bóyá òun nìkan ni ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ 16, ó wa mọ́tò Honda rẹ̀ lọ sí Malibu, ó yà sí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Geoffrey's, létí òkun, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Pacific Coast Highway. Ibi tí àwọn olówó ti ń jẹun ni. Kó tó wọlé rárá ni nǹkan ti ń ṣe é. Ó lọ jókòó sínú mọ́tò ọkùnrin tó ń bá àwọn oníbàárà gbé ọkọ̀ pamọ́, ó ń tú ẹrù ibẹ̀ wò. Ó ní òun wá gbẹ̀san ikú Michael Jackson, tó kú ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Nígbà tó wọlé, ó ní kí wọ́n gbé ẹran sísun àti ọtí wá. Ó kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó lọ jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ pé láti ayé Mars lòun ti wá. Àwọn yẹn fi àmúmọ́ra bá a sọ̀rọ̀, wọ́n jẹun tán, wọ́n dìde lọ. Nígbà tí bíìlì dé, ó ní wọ́n ti máa bá òun san án.

Ẹni tó bá ti wà nítòsí èèyàn tí orí rẹ̀ ń dàrú rí á mọ irú alẹ́ yìí. Ìjà kọ́, ariwo kọ́. Ẹni náà lè máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ bí odò, àmọ́ kò rí ibi kankan ṣàn sí. Èèyàn á máa wò ó, á máa rò pé bóyá àwàdà ni, bóyá ọtí ni, bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles ka àwọn ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó ti lo ọ̀pọ̀ òru láì fojú kan oorun. Àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ sọ pé ó jọ àìsàn tó máa ń gbé ìṣesí èèyàn lọ sókè, tó tún máa ń gbé e wá sílẹ̀. Kò sí dókítà kankan tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó ní in.

Bíìlì náà kò pé dọ́là 90. Kò ní owó lọ́wọ́ tó lè fi san án.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ náà kì í ṣe ọ̀dájú, ìyẹn hàn nínú ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n pe ìyá àgbà nílé. Ìyá àgbà ní òun á san owó náà pẹ̀lú káàdì òun lórí fóònù. Wọ́n ní ìlànà àwọn kò gbà á bẹ́ẹ̀, àfi kí oníkáàdì fọwọ́ síwèé. Arúgbó tó jókòó sílé lọ́gànjọ́ òru, níbi tó lé ní ọgbọ̀n máìlì sí ibẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fọwọ́ síwèé? Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹni tó pè sọ fún wọn pé ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bíi wèrè, bóyá ó ti lo nǹkan. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti jẹ́ kó wa mọ́tò lọ ní ipò tó wà yẹn. Wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ibi ààbò.

Malibu kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù ti Káúńtì Los Angeles, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè náà, ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ṣẹ́ríìfù ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí àwọn aráàlú fi ìbò yàn, Lee Baca ló sì wà lórí oyè nígbà náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n yẹ Mitrice wò bóyá ọtí ń pa á. Ọtí kò pa á. Wọ́n tú mọ́tò rẹ̀, wọ́n bá igbó díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ilé oúnjẹ fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n mú un. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀: ó jẹun láì sanwó, ó sì ní igbó lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni méjèèjì lójú òfin ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìwé ìpè sílé ẹjọ́ lé èèyàn lọ́wọ́ fún, kí onítọ̀hún máa lọ.

Wọ́n pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò, wọ́n wọ́ Honda náà lọ sí ọgbà kan ní ìhà Malibu. Àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé gba ìhà kejì, kọjá àwọn òkè, lọ sí àgọ́ Lost Hills ní Calabasas.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọn kò gbà. Òfin California ní ẹsẹ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5150, gbogbo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà ló mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ohun tó sọ ni pé bí ọlọ́pàá bá rí ẹni tó jẹ́ pé nítorí àìsàn ọpọlọ, ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ mọ́, ọlọ́pàá náà lè gbé e lọ síbi ìtọ́jú, kí wọ́n dá a dúró fún wákàtí 72 kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tó fi wà lọ́dọ̀ àwọn, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn kò rí àmì kankan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Irú àìsàn yẹn máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Àmọ́ àwọn tó pè wọ́n ti sọ fún wọn pé orí rẹ̀ kò pé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí tí wọ́n fi pè wọ́n gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kàn wá kan ìyá rẹ̀ wàyí. Ìyá àgbà ti fi tó o létí, ó sì pe àgọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ká gbogbo ìpè tó bá wọlé, ìdí nìyẹn tí ohun tó sọ kò fi sọ nù. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí abiyamọ ṣe máa ń bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n máa dá a dúró di ilẹ̀ mọ́. Ó ní bí wọ́n bá máa tú u sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun á wá gbé e. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe ará agbègbè yẹn, òun kò sì fẹ́ jí láàárọ̀ kí òun gbọ́ nínú ìròyìn pé ọmọbìnrin kan sọ nù, pé wọ́n gé e lórí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ mú un gbà pé ọmọ náà á wà níbẹ̀ di àárọ̀. Ó gbà pé ibi tí ewu kò sí ni ọmọ òun wà. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Èèyàn tó wà ní àtìmọ́lé, ó kéré tán, a mọ ibi tó wà.

Nígbà tí aago méjìlá òru fi ìdajì wákàtí kọjá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún Mitrice.

Òṣìṣẹ́ tó tú u sílẹ̀ sọ pé òun ní kó dúró, kó sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó kọ̀. Mi ò ní ìdí láti pe ẹni náà ní òpùrọ́. Òfin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kéré, kò sí àṣẹ láti dì í mú. Ọ́fíìsì tí káúńtì gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2010, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn, pé wọn kò rú òfin. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Nínú èdè wa, bí àlejò bá fẹ́ lọ, a kì í kàn ṣílẹ̀kùn fún un. A máa ń sìn ín sọ́nà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a máa ń sìn ín jìnnà díẹ̀ sí i, a á dúró títí yóò fi rí ọkọ̀ wọ̀. Bí a bá sì rí i pé ara rẹ̀ kò yá, a á ní kó má lọ mọ́, a ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ó fẹ́ dúró, kí á wá gba 'rárá' rẹ̀ bí ìdáhùn ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. 'Títú sílẹ̀' nìkan ló wà nínú ìwé òfin wọn. 'Sísìn sọ́nà' kò sí níbẹ̀.

Ó jáde láìní fóònù, láìní owó, láìní kọ́kọ́rọ́, láìní mọ́tò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà 101 ni àgọ́ náà wà, láàárín àwọn ilé ọ́fíìsì tí gbogbo wọn ti tì lálẹ́. Bọ́ọ̀sì kò ná ibẹ̀ láago yẹn. Lẹ́yìn àwọn ilé yẹn, òkè ni, igbó ni, ojú ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò tí iná kò sí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà síwájú rí ohun kan: Monte Nido, níbi tí bàbá tó wà lójú fèrèsé ti rí i, wà láàárín àgọ́ Lost Hills àti Malibu. Èmi gbà pé mọ́tò rẹ̀ ló ń wá lọ. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí èyí hàn mí, àmọ́ bí èmi náà bá wà níbẹ̀, tí fóònù àti owó mi wà nínú mọ́tò, tí mọ́tò wà létí òkun, ọ̀nà ibẹ̀ lèmi náà á kọrí sí.

Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ìyá rẹ̀ tún pe àgọ́. Wọ́n ní ó ti lọ tipẹ́.

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí ìpè wọlé láti Monte Nido. Ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀, bàbá kan ń sọ pé àjèjì ọmọbìnrin wà lẹ́yìnkùlé òun, àgọ́ kan náà ni méjèèjì pè láàárọ̀ kan náà. Mo ti ka ibi yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe lè kà á kó má gún mi.

Lẹ́yìn náà ni wíwá bẹ̀rẹ̀. Ajá wá a, hẹlikópítà wá a, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gun òkè, wọ́n wọ àfonífojì. Àhesọ gbòde pé wọ́n ti rí i ní Las Vegas, àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ń pín ìwé tó ní àwòrán rẹ̀ lójú pópó níbẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọn kò jọ gbé pọ̀, gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ bá àwọn oníròyìn, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pe káúńtì lẹ́jọ́. Maxine Waters, aṣòfin àgbègbè wọn ní Washington, kọ̀wé sí FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, pé kí wọ́n dá sí i.

Ọ̀rọ̀ fídíò wá tún bà á jẹ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ẹbí pé kò sí fídíò kankan láti inú àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù mélòó kan kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, a wá gbọ́ pé fídíò wà, ọwọ́ ọ̀gá àgọ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì wà láti ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi han ìyá rẹ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá àtìmọ́lé: ó di àwọ̀n irin ẹnu ọ̀nà mú, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ń fọwọ́ fa irun orí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kò sí àmì kankan lára rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ló mú kí wọ́n gbàgbé fídíò, mo lè gbà. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí wọ́n sọ fún ìyá tó ń wá ọmọ pé kò sí, kó sì wà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2010, nígbà tí ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọgbà ìtura ìjọba wọ ibi kan tí wọ́n ń pè ní Dark Canyon, àfonífojì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò sí ọ̀nà tó já síbẹ̀. Kì í ṣe Mitrice ni wọ́n ń wá. Oko igbó tí àwọn kan ń dá ní ìkọ̀kọ̀ nínú àwọn òkè náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Agbárí ni wọ́n rí, àti egungun. Igbó díẹ̀ wà lára ohun tó kó o dé àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn tó ń wá oko igbó ló wá rí i nínú igbó. Bí ẹ bá ka irú èyí nínú ìtàn àròsọ, ẹ ó ní ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a pọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló sọ ikú yìí di ohun tí kò ní ojútùú. Ní California, òkú tí wọ́n bá bá nílẹ̀ báyìí, ọ́fíìsì kòrónà ló ni ín, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ohun tó pa èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí egungun ṣe dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, ibi tí ewé bò ó dé, èyí tí ẹranko wọ́ lọ àti èyí tí wọn kò wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù kó egungun náà sínú àpò, wọ́n fi hẹlikópítà gbé e jáde, láì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kòrónà dé ibẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn sì ń bẹ̀rù kí ẹranko má lọ kó èyí tó kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kòrónà, Ed Winter, sọ ní gbangba pé àwọn kò fún wọn láṣẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún padà lọ ṣa àwọn egungun kéékèèké tó ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Kò wọ aṣọ. Ṣòkòtò jíìnì, bẹ́líìtì àti kọ́mú wà níbòmíràn nínú àfonífojì náà, wọ́n jìnnà sí i. Àgbàrá òjò ló wọ́ wọn lọ ni? Ẹranko ni? Òun ló bọ́ wọn fúnra rẹ̀, àbí ẹlòmíràn ló bọ́ ọ? Bí wọ́n bá ti fi ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe wà, bóyá ẹnì kan ì bá lè sọ. Egungun kékeré kan wà lọ́fun èèyàn, lábẹ́ ahọ́n gan-an, tó tẹ̀ kọdọrọ bíi pátákò ẹṣin. Àwọn tó ń wádìí ikú máa ń wò ó dáadáa, torí ó lè kán bí wọ́n bá fún èèyàn lọ́rùn pa. Egungun yẹn kò sí lára èyí tí wọ́n sin. Ní oṣù Keje 2011, wọ́n hú òkú Mitrice kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò. Clea Koff, onímọ̀ egungun tó ti ṣiṣẹ́ lórí ibojì àwọn tí wọ́n pa ní Rwanda àti Bosnia, bá ẹbí náà dá sí i, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe kó egungun náà. Ohun tí kòrónà kọ sílẹ̀ kò yí padà: ohun tó pa á, a kò mọ̀.

Torí náà, kò sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ikú Mitrice kàn rí, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó sọ pé wọ́n pa á. Ó lè jẹ́ pé ó ṣubú. Ó lè jẹ́ pé ó pàdé ẹni burúkú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún orúkọ àwọn tí wọ́n ń fura sí, mi ò ní kọ ọ̀kankan síbí. Ní 2011, Káúńtì Los Angeles gbà láti san dọ́là 900,000 fún àwọn òbí rẹ̀, wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba. Ní 2016, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, tí Kamala Harris wà nídìí rẹ̀ nígbà yẹn, yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù wò lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Lee Baca fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà, ìdájọ́ ọdún mẹ́ta, àmọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Mitrice rárá. Dídí ìwádìí FBI lọ́wọ́ lórí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n káúńtì ni.

Ohun kan wà tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò yéé sọ, mo sì fara mọ́ wọn. Ní oṣù Keje 2006, àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù láti àgọ́ Lost Hills yìí kan náà mú òṣèré sinimá Mel Gibson ní Malibu, pé ó mutí wa mọ́tò. Gbogbo ayé ló gbọ́ èébú tó bú àwọn Júù lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun náà, wọ́n wọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọgbà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá kan fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí mọ́tò rẹ̀ wà.

Nítorí náà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn sọ́nà. Ọkọ̀ wà, ọ̀nà wà, wọ́n mọ ọgbà tí wọ́n ń wọ́ mọ́tò lọ. Ẹni tó mutí yó, tó ń bú wọn, wọ́n sìn ín. Ẹni tí ọtí kò pa, tí ìyá rẹ̀ ti pè láti bẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn. Wọ́n lè sọ pé olókìkí ni wọ́n ṣe ojúure fún, pé kì í ṣe àwọ̀. Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n.

Ní 2014, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó fàyè gba ṣẹ́ríìfù láti jẹ́ kí ẹni tí àkókò ìtúsílẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí òru dúró sínú àtìmọ́lé tó wákàtí 16 sí i tàbí títí di àsìkò tí ọ́fíìsì bá ṣí, kó lè jáde lójú mọmọ. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ríìfù tó bá wù ló máa ṣe é, ẹni tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ dúró. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún Mitrice náà nìyẹn, bí a bá gba ohun tí òṣìṣẹ́ àgọ́ sọ: wọ́n bi í, ó ní rárá.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òfin yẹn, ní 2018, ẹ̀wọ̀n káúńtì kan ní ìhà àríwá California tú ọmọbìnrin ẹni ọdún 26 sílẹ̀ nígbà tí aago kan òru ti kọjá, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ láago yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Àwọn aṣòfin kọ òfin tuntun tó máa fipá mú àwọn ẹ̀wọ̀n láti wá ibi ààbò tàbí ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lóru. Ìwé náà dé orí tábìlì gómìnà Gavin Newsom ní 2019. Kò fọwọ́ sí i.